Kí onígìtá tó ra ámpílífáyà: Ariwo kọ́ ni èrè

Ẹ jẹ́ ká mú òde àríyá kan ní Sùúrùlérè ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé. Olórin ti gbé ohùn sókè, onígángan ti ń kì, baba ọlọ́jọ́ ìbí ti dìde, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Àfi lójijì tí ohùn gìtá dákẹ́. Iná jẹnẹrétọ̀ ló fò sókè, ó sì ti jó ámpílífáyà onígìtá. Kí wọ́n tó rí òmíràn yá, ara àwọn àlejò ti tutù, àwọn tó fẹ́ náwó ti jókòó, ẹni tó pe ẹgbẹ́ olórin náà sì ti rí ohun tí yóò fi gé nínú owó tó kù tó yẹ kó san. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí wọn kò fara balẹ̀ rà ló kó bá gbogbo wọn.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà kéré tàbí pé kò lórúkọ. Ó lè jẹ́ pé òun ló tóbi jù ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti rà á. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni pé ámpílífáyà tó ń mówó wọlé fún onígìtá yàtọ̀ sí èyí tó ń pariwo jù. Èyí tó ń mówó wọlé ni èyí tí ohùn rẹ̀ dá ṣáká, tó lè fara da iná wa, tó ṣeé gbé, tó sì ṣeé tún ṣe nígbà tó bá bàjẹ́.

Òwò ni, kì í ṣe eré lásán

Ẹgbẹ́ olórin tó ń ṣeré káàkiri Èkó, ilé iṣẹ́ kékeré ni. Ọ̀gá ẹgbẹ́ ń san owó fún onílù, ó ń san fún elégbè, ó ń ra epo, ó ń háyà ọkọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ mú èrè sílé. Bí ẹ̀rọ ìránṣọ ti jẹ́ fún télọ̀ ni ámpílífáyà jẹ́ fún onígìtá. Kò sì kan olórin nìkan. Ó kan ẹni tó ń fi ohun èlò orin rẹ́ǹtì, ó kan onílé ìtura tó ń gbé eré kalẹ̀ ní alẹ́ Fráídé, ó sì kan ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ní kí wọ́n lọ ra ẹ̀rọ fún ẹgbẹ́ akọrin.

Àwọn àdúgbò wa wọ̀nyí ti mọ òwò yìí tipẹ́. Ní bíi ọdún 1949 ni Àyìndé Bákàrè ti so gìtá mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè nínú orin jùjú. Bobby Benson tó mú gìtá oníná gbajúmọ̀ nílẹ̀ yìí ló ni ilé ijó Caban Bamboo ní ọ̀nà Ìkòròdú. Victor Ọláìyá tó kú lọ́dún 2020 ló ni Stadium Hotel ní Sùúrùlérè. Ní àwọn ọdún 1970, Afrika Shrine ti Fẹlá wà ní Empire Hotel ní Ìdí-Òro, ní Múṣin. Olórin ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta tó ní ilé ijó yìí tún jẹ́ oníṣòwò tó mọ̀ pé bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ọjà ti tú nìyẹn. Nígbà tí Ebenezer Obey àti Sunny Adé sì sọ iye gìtá inú jùjú di púpọ̀, ọ̀rọ̀ ámpílífáyà wá di ìnáwó ńlá fún ẹgbẹ́.

Kí là ń pè ní kọ́mbò?

Oríṣi méjì ni ámpílífáyà gìtá. Èkíní ni èyí tí ẹ̀rọ wà lọ́tọ̀, tí àpótí sípíkà wà lọ́tọ̀. Èkejì ni kọ́mbò, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ àti sípíkà jọ wà nínú àpótí kan. Fún ẹni tó ń ti òde kan bọ́ sí òmíràn, kọ́mbò ló rọrùn jù. Ẹrù kan ni, wáyà rẹ̀ kò pọ̀, kò sì sí pé ẹ dé òde kí ẹ wá rí i pé wáyà sípíkà wà nílé.

Àwọn kan yóò béèrè pé kí ló dé tí onígìtá kò kàn ní kí gìtá òun wọ inú míkísà tààrà. Ó ṣeé ṣe, àwọn mìíràn sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gìtá oníná tó bá wọ míkísà lásán, tí kò gba inú ẹ̀rọ mìíràn kọjá, ohùn rẹ̀ sábà máa ń le, á sì tín-ín-rín. Lẹ́yìn èyí, onígìtá kì í gbọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń yí míkísà bá gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó ní kọ́mbò tirẹ̀ lẹ́yìn mọ ohun tó ń gbọ́ níbi gbogbo tó bá lọ.

Ohùn tó dá ṣáká ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Onígìtá Èkó kì í ṣe oríṣi iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ó lè ta jùjú ní Sátidé, kó ta orin ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kó sì ta highlife ní ilé ìtura ní Fráídé tó tẹ̀ lé e. Nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, ohùn gìtá tó dá ṣáká ni wọ́n ń fẹ́. Nínú jùjú, gìtá mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gángan sì tún wà láàárín wọn. Bí ohùn gìtá kan bá ń ya, yóò bo gbogbo ìyókù mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá rántí bí gìtá Hawaii ṣe ń dún nínú àwo orin Juju Music tí Sunny Adé gbé jáde lọ́dún 1982 á mọ irú ohùn tí a ń wí.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tajà fi ohùn tó ń bú ramúramù dá yín lọ́rùn. Ẹ ní kó pa gbogbo àlàyé yẹn tì. Ẹ yí bọ́tìnnì ohùn sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fetí sílẹ̀ ibi tí ohùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ẹ̀rọ tí ohùn rẹ̀ kò tíì ya nígbà tó ti dún tó ohùn onílù yín, òun ló lè bá yín lọ sóde. Ohùn tó ya, ẹ lè fi ẹ̀rọ kékeré tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ṣe é nígbà tí ẹ bá fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ tí yóò mú kí ámpílífáyà tí kò lágbára dá ṣáká.

Wáàtì kì í ṣe òṣùwọ̀n ariwo

Ibi tí owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò nìyí. Wọ́n á rí 50 wáàtì lára ọ̀kan, wọ́n á rí 100 wáàtì lára èkejì, wọ́n á sì rò pé èkejì á pariwo ní ìlọ́po méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí agbára bá di ìlọ́po méjì, decibel 3 péré ni ohùn fi ń ròkè, etí á sì gbọ́ ọ bí àfikún díẹ̀. Kí etí tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, agbára gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìlọ́po mẹ́wàá.

Sípíkà náà tún ní ipa tirẹ̀. A máa ń kọ iye decibel tí sípíkà ń gbé jáde bí a bá fún un ní wáàtì 1, tí a sì dúró ní mítà 1 sí i. Bí ti ọ̀kan bá jẹ́ 97, tí ti èkejì jẹ́ 100, ìyàtọ̀ náà dà bí ìgbà tí ẹ bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì. Èyí ló fà á tí ẹ̀rọ 50 wáàtì tó ní sípíkà gidi fi lè bo ẹ̀rọ 100 wáàtì tí sípíkà rẹ̀ kò dára mọ́lẹ̀.

Fún iṣẹ́ òde ní Èkó, ẹ̀rọ onítìráńsísítọ̀ tó wà láàárín 50 sí 100 wáàtì, tó ní sípíkà ínǹṣì 12, á tó. Bí ó bá jẹ́ ti valve, ìyẹn àwọn tó ń lo gíláàsì tó ń mú iná wá bíi gílóòbù, 20 sí 40 wáàtì á ṣe é. Bí òde bá tóbi ju èyí lọ, bíi àríyá tí wọ́n dí òpópónà nítorí rẹ̀, kì í ṣe ámpílífáyà gìtá ló yẹ kó gbé ohùn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá. Ẹ gbé máìkì síwájú rẹ̀, tàbí kí ẹ ti ibi tí ohùn ti ń jáde lẹ́yìn rẹ̀ fa wáyà lọ sí míkísà, kí àwọn sípíkà ńlá wá ṣe iṣẹ́ wọn.

Ẹ tún rántí pé àjọ LASEPA tó ń mójú tó àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó máa ń ti ilé ìgbafẹ́ àti ilé ìjọsìn pa nítorí ariwo. Onílé ìtura tí àwọn ará àdúgbò ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn kò ní fẹ́ onígìtá tí kò lè rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ṣì ń dún dáadáa nígbà tí ohùn rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ ń mú iṣẹ́ wá fún olówó rẹ̀.

Valve, tìráńsísítọ̀, tàbí oníkọ̀ǹpútà?

Àwọn ámpílífáyà oní-valve ni àwọn onígìtá àgbáyé máa ń yìn jù, ohùn wọn sì dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gíláàsì inú wọn lè fọ́ bí wọ́n bá já bọ́, ó máa ń gbó, ó sì níye ìgbà tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Iná tó ga gan-an tún ń wà nínú wọn, kódà lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ lára iná. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n tún ṣe kò gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀.

Àwọn onítìráńsísítọ̀ kò gbẹgẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Roland JC-120 tí àwọn ará Japan gbé jáde lọ́dún 1975 jẹ́ ọ̀kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ fún ohùn tó dá ṣáká. Wáàtì 120 ni, sípíkà méjì oní-ínǹṣì 12 ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo tó bíi kìlógíráàmù 28. Peavey Bandit tó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 jẹ́ òmíràn. Sípíkà kan oní-ínǹṣì 12 ló ní, ó sì lórúkọ pé kì í tètè bàjẹ́.

Ẹ̀yà kẹta ni àwọn tó ní kọ̀ǹpútà kékeré nínú, tó lè sín ohùn oríṣiríṣi ámpílífáyà jẹ. Boss Katana tó jáde lọ́dún 2016 wà lára wọn. Èyí tó jẹ́ 50 wáàtì nínú wọn ní sípíkà ínǹṣì 12, ó sì wúwo tó bíi kìlógíráàmù 12. Bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀ tó lè rẹ agbára rẹ̀ sílẹ̀ di ìdajì wáàtì, kí ẹ lè fi ṣe ìdánrawò nílé láìjẹ́ pé onílé kan ilẹ̀kùn yín. Fender náà ní Twin Reverb oní-valve tó jẹ́ 85 wáàtì, tó wúwo tó kìlógíráàmù 29. Lọ́dún 2019, wọ́n gbé oníkọ̀ǹpútà tó fara jọ ọ́ jáde, wọ́n pè é ní Tone Master, òun kò sì ju bíi kìlógíráàmù 15 lọ.

Àléébù àwọn oníkọ̀ǹpútà ni pé bí pátákó inú wọn bá jó, ó lè ṣòro láti rí òmíràn ra. Ẹ lọ bá ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe fún yín kí ẹ tó rà, kí ẹ bi í pé èwo ni ọwọ́ òun ká nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀rọ tí kò sí ẹni tó lè tún un ṣe ní Múṣin tàbí Àlábà, ẹ̀rọ ọjọ́ kan ni.

Iná ló ń pa ẹ̀rọ jù

Ọ̀pọ̀ ámpílífáyà tòkunbọ̀ tó ń wọ Èkó, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń bọ̀. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ fólítì 120, tiwa jẹ́ 230. Bí ẹ bá ki púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ Amẹ́ríkà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa, ẹ ti fún un ní nǹkan bí ìlọ́po méjì iná tó yẹ kó gbà. Bí orí bá bá yín ṣe é, fíúsì nìkan ló máa já. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tìrànsífọ́mà inú rẹ̀ ló máa jó, owó yín sì ti bá èéfín lọ. Ti Japan tún kéré sí i, fólítì 100 ni. Ṣùgbọ́n iná ìlú Òyìnbó ní London jẹ́ 230 bíi tiwa. Nítorí náà, bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n ní Houston àti àbúrò ní Peckham, tí àwọn méjèèjì fẹ́ fi ẹ̀rọ ránṣẹ́, ti àbúrò ní Peckham ló máa ń rọrùn jù láti lò.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà iná ń wọ̀. Bí ó bá jẹ́ 230 tàbí 220 sí 240, kò séwu. Bí ó bá jẹ́ 100 sí 240, ibi gbogbo ló ń lọ. Bí ó bá jẹ́ 120 nìkan, ẹ ní láti ra tìrànsífọ́mà tó ń rẹ iná sílẹ̀, kí ẹ sì fi owó rẹ̀ kún iye tí ẹ̀rọ náà ń jẹ́. Sìtébíláísà kì í ṣe iṣẹ́ yìí o. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mú iná dúró lójú kan ní 220 sí 240, kì í sọ ọ́ di 120.

Ìwọ̀n tìrànsífọ́mà náà ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ pé 200 wáàtì ló ń jẹ, ẹ má ra èyí tó kéré sí 300, bí ó bá sì tó 500, ọkàn yín á balẹ̀ sí i. Ẹ tún kíyè sí i pé iná Amẹ́ríkà ń mì nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ń mì nígbà 50. Tìrànsífọ́mà kì í yí èyí padà. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún 60 nìkan lè máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ níbí, ẹ má sì jẹ́ kí aṣọ tàbí báàgì dí ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú rẹ̀.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ kó dúró dáadáa kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá fẹ́ ti orí jẹnẹrétọ̀ bọ́ sórí iná NEPA, ẹ kọ́kọ́ pa á. Ẹ má bá fìríìjì tàbí ẹ̀rọ amúlétutù lo wáyà kan náà, nítorí iná máa ń já wálẹ̀ nígbà tí àwọn wọ̀nyí bá ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Sìtébíláísà kékeré kan tí ẹ ń gbé kiri pẹ̀lú ẹ̀rọ yín kì í ṣe àṣejù.

Ọ̀kan ṣì kù, èyí sì kọjá ọ̀rọ̀ owó. Bí ẹ̀rọ bá ń kùn hùn-ùn, àwọn kan máa ń gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì tó ń gbé iná lọ sínú ilẹ̀ kúrò. Ẹ má ṣe é láéláé. Onígìtá tó ń kọrin, ọwọ́ rẹ̀ wà lára okùn gìtá, ètè rẹ̀ wà lára máìkì. Bí iná bá ṣì lọ sára ẹ̀rọ, tí kò sì rí ilẹ̀ wọ̀, ara olórin ló máa gbà kọjá. Ẹ̀mí lè bá a lọ. Ẹ jẹ́ kí ámpílífáyà àti míkísà gba iná láti ojú kan náà, hùn-ùn náà á sábà dín kù.

Ta ni yóò gbé e?

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Sùúrùlérè àti Lagos Mainland tí Yábà wà nínú rẹ̀ sì wà lára wọn. Onígìtá tí kò ní ọkọ̀ rí i pé ibi tí ọ̀kadà ń gbé òun dé tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí òun á fi ẹsẹ̀ rìn dé. Ẹ̀rọ kìlógíráàmù 29 lórí ẹsẹ̀, tí gìtá tún wà léjìká, ìyà ni. Bí ẹ bá ń san owó ààyè méjì nínú dáńfó nítorí ẹ̀rọ yín, tàbí tí ẹ ń háyà ọkọ̀ lọ háyà ọkọ̀ bọ̀, ẹ ṣírò rẹ̀ fún ọdún kan. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ tó fúyẹ́ tó wọ́n díẹ̀ ló máa wá dínwó jù nígbẹ̀yìn.

Ìdánwò tí ẹ máa ṣe lọ́jà

Ẹ mú gìtá àti wáyà tiyín lọ. Èyí tí wọ́n bá ní kí ẹ fi dán an wò lè jẹ́ èyí tó máa ń bo àṣírí ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kó wà lórí iná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí àrùn ẹ̀rọ mìíràn kì í hàn àfi tó bá gbóná. Ẹ yí gbogbo bọ́tìnnì pátá. Bí ó bá ń dún fọ́ríkẹ́fọ́ríkẹ́, ìdọ̀tí lè wà nínú rẹ̀, ẹ lè fi ìyẹn dúnàá-dúrà. Ẹ mi ibi tí wáyà gìtá ń wọ̀, bí ohùn bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹ ti mọ ohun tó ń bọ̀ lóde nìyẹn. Ẹ ta okùn tó nípọn jù lórí gìtá yín, kí ẹ gbọ́ bóyá sípíkà ti ya. Ẹ gbóòórùn ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ti jó rí kì í ṣòro láti mọ̀.

Ẹ wo iye ihò tó wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀rọ tó ní ibi tí ohùn lè gbà lọ sí míkísà, tó ní ibi tí ẹ lè so ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mọ́, tó sì ní ibi tí ẹ lè ki ohun àfetígbọ́ sí, iṣẹ́ tó lè ṣe pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má torí pé ihò wà níbẹ̀ ki gìtá báàsì bọ̀ ọ́. Ohùn báàsì máa ń ti sípíkà gìtá kọjá ibi tó lè dé, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ti fi èyí ya sípíkà wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ẹ̀rọ náà wà lára rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà pè yín ní agbẹ́rù-olè lọ́la.

Kí ni ìṣirò wí?

Ẹ̀rọ wọ̀nyí láti òkè òkun ni wọ́n ti ń wá, náírà ló sì ń pinnu iye wọn. Kí ìjọba tó fi náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí ₦465 ní ọjà ìjọba. Nígbà tó di ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà ní dọ́là 300 lókè òkun, tó jẹ́ ₦139,500 tẹ́lẹ̀, di ₦450,000 kí a tó san owó ọkọ̀ àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, àṣìṣe nínú ríra ẹ̀rọ kò kéré mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Àpẹẹrẹ lásán ni, ẹ fi iye tó wà ní àdúgbò yín rọ́pò rẹ̀. Ká ní ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ rà jẹ́ ₦750,000, ká sì ní ₦25,000 ni ẹ ń fi rẹ́ǹtì irú rẹ̀ fún òde kan. Òde 30 ni yóò dá owó yẹn padà. Bí ẹ bá ń lọ òde méjì lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 15 ni. Ríra dára fún yín. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òde kan lóṣù ni ẹ ń rí, yóò gbà yín ní ọdún méjì àbọ̀. Ẹ máa rẹ́ǹtì lọ ná, kí ẹ fi owó yẹn ṣe nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá sì ti rà á lè máa fi rẹ́ǹtì fún ẹlòmíràn ní ọjọ́ tí kò bá sóde, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ ẹni tó mọ bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ.

Nínú owó òde kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú. Fíúsì méjì, wáyà gìtá kan àti sìtébíláísà kò gbọ́dọ̀ wọ́n nínú àpò yín. Kí ẹ tó gba àsansílẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé àdéhùn pé ta ni yóò pèsè iná, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ bí iná náà bá ba ẹ̀rọ yín jẹ́. Ọ̀pọ̀ ìjà lẹ́yìn àríyá ni kì bá má wáyé ká ní wọ́n ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

 Ẹ má kánjú. Ẹ wá ohùn tó dá ṣáká, ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀rọ kí ẹ tó ki púlọ́ọ̀gì bọ iná, ẹ gbé e wò kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì mọ ẹni tí yóò tún un ṣe. Ní Sátidé tó ń bọ̀, nígbà tí baba ọlọ́jọ́ ìbí bá dìde, kí gìtá yín wà lára ohun tó ń mú kí àwọn èèyàn máa ki ọwọ́ bọ àpò.